Bí Mo Ṣe Lọ Tọrọ Àyè Lọ́wọ́ Ọ̀gá Mi Kí N Tó Bá A Du Ipò

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé iṣẹ́ wo ló dáa kí èèyàn kọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ tèmi fún yín. Fọ́káníṣà ni mí. Mo bọ́ táyà, mo lẹ táyà, mo fi afẹ́fẹ́ sí táyà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú títí di ọjọ́ tí dókítà ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́. Ẹnu iṣẹ́ yìí kan náà ni mo wà tí mo fi di kánsẹ́lọ̀ nílùú òyìnbó. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ kò lè gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin, ẹ ní kó wá bá mi nílé, mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Múfútáù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n gbogbo Chicago ló ń pè mí ní Mufu. Ìwé ẹnjiníà ni wọ́n rán mi wá kà. Àwa bíi mélòó kan la jọ há mọ́ra nínú yàrá kan ní àdúgbò Rogers Park. Nígbà tí ilé kò lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi mọ́, mo jáde wáṣẹ́, mo sì rí i ní ṣọ́ọ̀bù táyà ọkùnrin ará Pólàńdì kan tó ń jẹ́ Kowal, níbi tí Chicago ti ń parí lọ tí Oak Park ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtàn nínú bí ó ṣe gbà mí. Ó ní ṣé mo lè gbé táyà, mo ní mo lè gbé e, ó ní kí n gbé ọ̀kan kí òun rí i. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìròyìn dé Ìwó pé fọ́káníṣà ni mo ń kọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé fọ́káníṣà kan ń bẹ lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa, pé kí ló dé tí mo fi wọ bàálù lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ohun tí mo lè máa wò láti ojú fèrèsé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Àwọn tí a jọ ń gbé Rogers Park kò tiẹ̀ fi tiwọn bò. Tí wọ́n bá ń fi mí han àlejò, wọ́n á ní Mufu wà ní ìdí iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀gá mi kúrú, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní ó ní kí n máa pe òun ní Stan bí gbogbo èèyàn ṣe ń pe òun. Mo ní, "Sà, ẹ tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ẹnu mi kò lè gbé e." Ó ní kí ni mo wá fẹ́ máa pe òun. Mo ní Ọ̀gá. Ó mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀gá, àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni.

Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́, ó sì pẹ́ kó tó gbà á padà. Lẹ́yìn èyí ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ rìn nínú táyà yí ká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọwọ́ á fi bá ìṣó tí ojú kò rí pàdé. Tó bá kan nọ́ọ̀tì, ó ní tí o bá ti di ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ni kí o dì tẹ̀lé e, má dì wọ́n ní ìtòtẹ̀léra, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà jókòó wọ́rọ́kọ́. Tí mo bá ṣe é tán, á wá wò ó. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú gbogbo rẹ̀ lójú oníbàárà, á fi sípánà lé mi lọ́wọ́, á ní, "Tún un ṣe." Kì í bú mi, kì í pariwo. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn fún mi. Oníbàárà á dúró, á máa wo aago, èmi á máa làágùn nínú òtútù. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀gá tó máa ń rẹ́rìn-ín sí yín, mo bá yín wá a, ṣùgbọ́n èyí tó ń tú nọ́ọ̀tì yẹn ló sọ mí di èèyàn.

Ẹnìkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ni Luther. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ àdúgbò Austin, ó ti wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá kí n tó dé. Ohun tí Ọ̀gá kò ní sùúrù láti fi ẹnu sọ, Luther ló ń sọ ọ́ fún mi. Prófẹ́sọ̀ ló ń pè mí nítorí ìwé ẹnjiníà tí mo ń gbé sínú àpò. A jọ ń jẹun, a jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ Ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni jàǹbá wa ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ayé ìgbà náà, òrùka irin kan ló ń di táyà wọn mú mọ́ ríìmù. Tí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa tí afẹ́fẹ́ sì ti kún inú táyà, ó lè fò jáde, ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀ ti gbé. Nítorí náà ni a ṣe ní àgò irin ńlá kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Òfin Ọ̀gá ni pé inú àgò yẹn ni táyà akẹ́rù gbọ́dọ̀ wà kí ẹnikẹ́ni tó fi afẹ́fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, táyà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ ti dí iwájú àgò. Awakọ̀ akẹ́rù kan sì ń kánjú, ó ń pariwo. Luther ní ká kọ́kọ́ kó táyà kúrò lọ́nà. Ọ̀gá ní kó ṣe é nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè pa ẹnikẹ́ni. Luther bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi afẹ́fẹ́ sí i. Mo gbọ́ ìró kan, ihò wà lára òrùlé, Luther sì wà nílẹ̀. Wọ́n gé apá òsì rẹ̀ ní ọsibítù.

N kò ní gbàgbé ohun tí Ọ̀gá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wá wádìí, wọ́n béèrè ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é níta àgò. Awakọ̀ akẹ́rù ti lọ, Luther wà lórí ibùsùn, èmi kò ní la ẹnu mi. Ọ̀gá ní, "Èmi ni mo ní kó ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó sanwó tó yẹ kó san, kò sì gba táyà akẹ́rù kan ṣoṣo mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Luther kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, kò sì bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé. Tí mo bá lọ kí i, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Prófẹ́sọ̀, ta ló fẹ́ fọ́káníṣà ọlọ́wọ́ kan?" N kì í mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ ló bá mi dá a lóhùn. Tẹ́lẹ̀, irin gígùn méjì àti eékún la fi ń bọ́ táyà kúrò lára ríìmù. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ dé. O gbé táyà lé e, o fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbá a mú, ó yí i, táyà bọ́. Ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní yóò sọ ọmọ èèyàn di ọ̀lẹ. Àmọ́ èmi dúró síwájú ẹ̀rọ náà, mo ro ó pé ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ méjì ló ń béèrè. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu láti dá dúró.

Ní ilé wa, ẹni tó kọ́ṣẹ́ kì í kàn gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká kó máa lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ló máa fún un ní fíríídọ́ọ̀mù pẹ̀lú àdúrà. Mo lọ bá Alhaji Ràímì, awakọ̀ táksí tí gbogbo àwa Mùsùlùmí Yorùbá ní Rogers Park fi ṣe bàbá. Ní àárọ̀ Sátidé kan, òun àti àgbà méjì mìíràn wọ agbádá, a gbé oyin, obì àti èso dàbínù, ó di ṣọ́ọ̀bù táyà. Ọ̀gá wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kú?" ni ó ní.

Alhaji ní kò sẹ́ni tó kú, pé ọmọ yìí ti mọṣẹ́, a wá bẹ̀ ẹ́ kó dá a sílẹ̀.

"Ẹ fẹ́ kí n lé e níṣẹ́?"

"Rárá o, sà. Ẹ dá a sílẹ̀ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀?"

"Ẹ máa ṣàdúrà fún un."

Ọ̀gá wo àwọn oníbàárà tó ń wò ó. Ó nu ọwọ́, ó gbé e lé mi lórí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó sì fi èdè Pólàńdì sọ nǹkan tó gùn díẹ̀. Epo ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára fìlà mi mọ́. Ó wá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo létí ojú irin ní ìlú kékeré tí òun ń gbé lójú ọ̀nà Aurora, pé kò sí fọ́káníṣà níbẹ̀, kí n lọ wò ó. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn kan lára àwọn tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo ra ẹ̀rọ náà, mo sì lọ gbé Luther kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ àwa méjèèjì la kọ sójú pátákó. Ó kọ́kọ́ ń bínú sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń bínú sí i, àmọ́ nígbà tó yá kò sẹ́ni tó yára bọ́ táyà mọ́to jù ú lọ mọ́ nínú ìlú yẹn. Ẹni tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà níwájú. Inú mi dùn láàárín àwọn ọdún yẹn, n kò ní purọ́ fún yín. Mo ti fẹ́ Sàídátù ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, a ti bí Kúdí, a sì ti kó kúrò ní Rogers Park wá sí ìlú náà. A ti gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà pẹ̀lú.

Ìgbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin ni ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ palẹ̀ òpópónà wa mọ́. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa ń ba ojú ìlú jẹ́, pé àwọn máa wó o, àwọn máa kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀ pẹ̀lú ààyè ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó ń ṣagbátẹrù rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni Ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣojú apá ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀. Mo lọ bá a. Ó ní, "Mufu, àwọn ọmọ mi méjèèjì ti kó lọ. Àwọn ọmọ gbogbo èèyàn ń kó lọ. Táyà ògbólógbòó lẹ́bàá ojú irin kọ́ ló máa dá wọn padà." Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira fún mi láti bínú sí i.

Àwọn ará òpópónà pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ní ìdìbò ń bọ̀, kí ẹnìkan nínú wa jáde du ipò yẹn. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í sinmi. Luther ń fi ìsàlẹ̀ bàtà ra ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, kò gbójú sókè. Tí wọ́n bá wó ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi á rí ibòmíràn lọ. Òun kò ní rí ibì kankan. Mo ní mo gbà. Ìgbà tí mo délé ni mo wá rántí ẹni tí mo fẹ́ bá du ipò.

Sàídátù gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó. "Bàbá Kúdí, ṣé ẹ serious? Ọ̀gá tó fún yín ní freedom?"

"Tí mi ò bá ṣe é ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Luther á padà sí sitting at home, ìyàwó ẹ̀ á tún máa ṣe double shift. I'm not saying kẹ́ ẹ má ṣe é. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá bàbá yẹn."

Ohun kan náà ni Alhaji Ràímì sọ. "Múfútáù, I no go lie for you, ọ̀rọ̀ yìí ò bá mi lára mu. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ti decide, a máa lọ tọrọ permission lọ́dọ̀ ẹ̀. O ò kàn lè gbé poster jáde sí ọ̀gá ẹ lójú."

Báyìí la ṣe tún wọ agbádá. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, oòrùn mú, gbogbo àwọn aládùúgbò Ọ̀gá wà níta tí wọ́n ń gé koríko. A gbé agbọ̀n ọsàn kan tó kún dé etí. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, ó ní ká wọlé, ó sì ti mọ iye àga tó yẹ kó fà jáde.

Alhaji ṣàlàyé. Ọ̀gá fa àga tirẹ̀ sún mọ́ wa.

"Ẹ fẹ́ kí n gbà fún un kó gba àga mi?"

"Kẹ́ ẹ gbà fún un kó gbìyànjú ni, sà. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ló máa jókòó sí i."

Ó kọjú sí mi. "Tí mo bá ní n kò gbà, ṣé o ò ní ṣe é mọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo ti rò pé àwọn àgbà ló máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀, pé tèmi ni kí n dọ̀bálẹ̀. N kò múra ìdáhùn kankan sílẹ̀. Mo ní, "Mo máa ṣe é, sà. Ṣùgbọ́n kò ní dùn mọ́ mi."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Ó dìde, ó gbé agbọ̀n náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun kò gbà, pé tí mo bá fẹ́ ipò òun kí n wá fi agbára mi gbà á, àti pé òun kò lè jẹ ọsàn ẹni tó ń bá òun díje. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó dùn mí dé egungun. Bí bàbá mi tó bí mi ló ní kí n má ṣe é, kò ní dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bí a ṣe rí lójú àwọn tó ń gé koríko. Alátakò Kowal wọ ilé Kowal, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú agbọ̀n tó kún bámúbámú. Àwọn kan lára wọn kò kíyè sí wa nígbà tí à ń wọlé, àmọ́ gbogbo wọn ló rí wa nígbà tí à ń jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú pé Kowal ti rà mí.

Luther ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Kò tan ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kí ló wà nínú agbọ̀n?"

"Ọsàn ni. Àwa la gbé e lọ, ó dá a padà."

"O gbé ọsàn lọ fún ọkùnrin tó fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù wa?"

"Ọ̀gá mi ni, Luther. Mo lọ tọrọ àyè."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Apá mi kan wà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn," ni ó ní. "N kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìwọ wá lọ tọrọ àyè kí o tó lè gbà mí." Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Onítúnbàtà iwájú wa yọ àwòrán ìpolongo tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un kúrò lójú fèrèsé rẹ̀. Mo ń bọ́ táyà fúnra mi, mo ń bínú sí gbogbo wọn, mo sì ń bẹ̀rù. Tí mo bá lọ ṣàlàyé fún ẹnìkan pé ní ilé wa a máa ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ẹni, á mi orí, á ní ó yé òun, mo sì ń rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e. Ṣé kí n sọ òtítọ́ fún yín? Tó bá tún di òní, mo tún máa lọ. Agbọ̀n ni mi ò ní gbé.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan kí ìdìbò tó dé, kí àwa olùdíje wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ kún. Mo rí Luther lẹ́yìn pátápátá, ó dúró nídìí ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin kan fi nàró tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Mufu, kí ni Kowal fún ẹ nínú agbọ̀n?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ nípa Ìwó, mo sọ nípa fíríídọ́ọ̀mù, mo sọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe sí ọ̀gá. Gẹ̀ẹ́sì mi dá ṣáká, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ pé kò dún bí òótọ́. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá nílò láti ṣe ni kó jókòó síbi tó wà, kó pa ẹnu mọ́. Ipò náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dìde. Kò dúró de ẹni tó ń darí ètò.

"Ọsàn ni," ni ó ní. "Wọ́n gbé e wá, mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Ó wá béèrè bóyá mo gbà kó bá mi díje. Mo ní n kò gbà. Ó ní òun máa ṣe é bẹ́ẹ̀ náà." Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí Luther dúró sí. "Èmi ni kẹ́ ẹ dìbò fún, nítorí ohun tó fẹ́ ṣe lórí òpópónà yẹn kò bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí, àyàfi iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn, irọ́ ló ń pa."

Ó jókòó. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, Sàídátù tó jókòó tì mí ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Luther ti ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga. Ó wá jókòó ní ìlà iwájú, níwájú mi gan-an, kò sì wo apá ọ̀dọ̀ Ọ̀gá.

Láti ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì la jọ ń kan ilẹ̀kùn ilé dé ilé. Mo wọlé. Ìbò tí mo fi jù ú kò tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn, ṣùgbọ́n ó tó. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí, a dìbò lórí òpópónà ojú irin, àwọn tó ní kí wọ́n má wó o ló pọ̀ jù. Mo ṣe kánsẹ́lọ̀ títí ó fi sú mi, mo sì ń bọ́ táyà láàárọ̀ kí n tó lọ ṣòfin ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ wa yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ti kọ̀ǹpútà dé, ìyẹn náà kò bá mi lójú oorun. Ẹ kọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹni tó máa tú u lójú oníbàárà kọ́ yín.

Ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni bóyá Ọ̀gá padà dárí jì mí. Ọjọ́ kejì tí a dìbò lórí òpópónà ni mo lọ sílé rẹ̀. Èmi nìkan ni, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Dìde," ni ó ní. "Ta lo wá rí?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"N kì í ṣe ọ̀gá ẹ mọ́. Olùdìbò ẹ ni mí." Ó nawọ́ sí òpó iná kan tó wà ní igun òpópónà rẹ̀. "Ìyẹn ti kú. Ìgbà wo lo máa tún un ṣe?"

"Sà, ẹ̀yin lẹ wà lórí ipò nígbà tó kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì rí i ṣe. Ìdí tí mo fi ń bi ẹ́ nìyẹn." Ó tilẹ̀kùn.

Mo dúró síbẹ̀ bíi ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. N kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń bínú sí mi ni, mo sì gbé ìbànújẹ́ náà padà síbi iṣẹ́. Àmọ́ mo lépa ọ̀rọ̀ iná yẹn bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Mo yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú lẹ́nu títí wọ́n fi gbé àkàbà lọ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Luther ló wà nítòsí, òun ló gbé e. Ó gbọ́ ohùn náà, ojú rẹ̀ yí padà, ó na tẹlifóònù sí mi.

"Kánsẹ́lọ̀," ni Ọ̀gá wí, "iná ti tàn. Ó ń tàn sínú yàrá mi, n kò lè sùn. Wá wò ó."

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ohùn tó fi máa ń ní kí n tún nọ́ọ̀tì dì láyé ijọ́un ló fi sọ ọ́. Omi ti wà lójú mi, n kò fi pamọ́. Luther bi mí pé kí ló sọ. Mo ní ó ní iná ń tàn sí òun lójú, kí n wá wò ó. Luther fi ẹsẹ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó yọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ní àwa méjèèjì la jọ ń lọ.